Kòtijú Fẹ́ Ya Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Olóòtú ìwé ìròyìn oge pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n fẹ́ fi aṣọ mi mẹ́jọ ṣe ìwé àjọ̀dún wọn, ọ̀kan nínú wọn yóò sì wà ní iwájú ìwé. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì fìdí kalẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ igbe ayọ̀ mi láti yàrá ẹ̀yìn tó ti ń ṣẹ́tí aṣọ, ó ní, "Ta ló kú o?"

Mo ní, "Òṣì ló kú!"

Ó ní kí n rí i dájú pé wọ́n ti sin ín kí n tó máa jó.

Ìdí oúnjẹ ọ̀sán ni mo wà tí mo fi rántí ohun tí Olóòtú sọ gbẹ̀yìn: Kòtijú ni yóò ya fọ́tò náà. Mo pa àwo dé.

Ta ni kò mọ Kòtijú? Òun ló ya ìyàwó tó lóyún oṣù mẹ́jọ nínú aṣọ ìgbéyàwó funfun, tí àwọn àlùfáà fi wàásù lé e lórí fún odindi oṣù kan. Òun ló gbé bàtà olówó ńlá wọ àwọn obìnrin tó ń gbá títì, tí oníbàtà fi pè é lẹ́jọ́, tí bàtà náà sì tà tán kí ẹjọ́ tó parí. Àwọn tó ń bú u ló sọ ọ́ ní Kòtijú. Ó gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn sítúdíò rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo gbé aṣọ lọ bá a. Òkè ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà ni sítúdíò rẹ̀ wà, ariwo irin kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Mo ti rò pé obìnrin gíga kan tó kun ètè pupa ni màá bá. Obìnrin kúkúrú ni, ó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó fá orí, ó wọ ṣòkòtò dúdú tó ti ṣá, ó sì fi báńdéèjì di orúnkún ọ̀tún. Kò tíì kí mi káàbọ̀ tán tó ti gbá aṣọ àrán pupa mú, tó yí inú rẹ̀ síta, tó ń wo ojú ibi tí mo ti rán an pọ̀ bí dókítà ṣe ń wo ọgbẹ́.

"Ta lo rán èyí fún?"

"Ẹni tó bá lówó ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò bi ẹ́ ní ti ọjà. Nígbà tó ò ń rán an, ojú ta lò ń rí?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ní, "Aṣọ ẹ dáa. Ó tiẹ̀ dáa jù, ó ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Aṣọ tó bá ń bẹ̀rù òjò, àkísà ọ̀la ni."

Inú bí mi títí mo fi délé. Ohun tó sì bí mi nínú jù ni pé òótọ́ wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò láti ìdájí. Kòtijú ní òjò yẹn gan-an ni òun ti ń dúró dè. Ó kó gbogbo wa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Àwọn ọmọge tí Olóòtú rán wá láti wọ aṣọ jókòó sínú mọ́tò, wọn ò lè tẹ ẹrẹ̀. Kòtijú ò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ wọn. Ó lọ bá obìnrin kan tó ń ru kọnkéré, ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ wọ inú ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán. Nígbà tí wọ́n jáde, síliki yẹ́lò mi ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ mọ ohun tí síliki ti dà lọ́jà báyìí?"

"Lọ jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú àwọn tí kò fẹ́ tẹ ẹrẹ̀."

Mi ò lọ. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Kòtijú jágbe mọ́ ọn: "Pa ẹ̀rín yẹn mọ́! Ta lo jẹ ní gbèsè ẹ̀rín? Ìwọ lò ń kọ́ ilé yìí. Wò mí bí onílé ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ gba yàrá."

Bó ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ó gbé páànù kọnkéré karí, ó fi ọwọ́ kan ká etí aṣọ mi sókè, ó sì gun orí pákó tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn lọ bí ẹni tó ń lọ gorí ìtẹ́. Kòtijú ti dùbúlẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, t'òun ti orúnkún rẹ̀ yẹn. Òjò ń lù ú, ó ń yà, ó sì ń kọrin tí ohùn rẹ̀ ò bá orin mu rárá. Àwọn bíríkìlà dá iṣẹ́ dúró. Kò sẹ́ni tó fi ẹnì kankan ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi ni mo rán aṣọ yẹn. Òní ni mo kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Kọnkéré kì í kúrò lára síliki. Kò sí ọṣẹ tí mi ò tíì fi gbìyànjú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kòtijú wá sílé wa láìsọ tẹ́lẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Ó jókòó sórí àpótí òwú, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ti ará àdúgbò kan.

Ìyá rẹ̀ ló ń nu gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan. Ọdún lórí ọdún, ó ń nu gíláàsì, kò fọwọ́ kan aṣọ. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá jáde, ó wọ kóòtù búlúù kan, ó dúró síwájú dígí. Kòtijú, ọmọ kékeré nígbà náà, ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá padà dé lójijì. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n lé ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

"Mi ò rí màmá mi kó rẹwà báyẹn rí," ó ní. "Mi ò sì ní kámẹ́rà. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa ya fọ́tò yẹn."

Mo bi í léèrè ọkọ. Ó ní ọkọ òun ní kí òun yan ọ̀kan, ọkọ àbí kámẹ́rà. "Mo yan. Ó máa ń dùn mí bí òtútù bá mú, àmọ́ búláńkẹ́ẹ̀tì ń bẹ." Ó rẹ́rìn-ín débi tí ẹ̀pà fi há a lọ́fun.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sáré gbé omi wá. Kì í sábà jáde sí àlejò. Láti ìgbà tí sílíńdà gáàsì bú gbàmù lójú rẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn ni yàrá ẹ̀yìn ti di ilé rẹ̀: iná jó o ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ọrùn, títí dé èjìká. Ó yára gbé omi náà débi pé kò rántí ta gèlè bojú. Kòtijú gba omi, ó mu ún, ó sì wò ó. Kò wò ó fìrí kó mójú kúrò. Ó wò ó tààrà, bí a ṣe ń wo ẹni tí a fẹ́ mọ̀.

Nígbà tó ń lọ ó bi mí, "Ta ló ń ṣẹ́tí àwọn aṣọ yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ẹn-ẹ́n." Ó lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó pè mí. Ó ní aṣọ àrán pupa náà, èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ títí dé èjìká, ẹ̀gbọ́n mi ni òun fẹ́ fi yà.

Mi ò mọ̀ pé mo ní irú èébú bẹ́ẹ̀ nínú. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ìran àwòṣífìlà. Mo ní bó bá ti ya gbogbo ayé tán, kó ya ara rẹ̀. Ó jẹ́ kí n bú u tán.

"Ṣé ìwọ ni mo fẹ́ yà ni, àbí òun?"

Mo pa fóònù. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Àṣírí kì í pẹ́ nílé tí ògiri rẹ̀ jẹ́ pákó. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ta ni wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò, tí o kò jẹ́ kí n gbọ́?"

"Àǹtí mi, ẹ má dá obìnrin yẹn lóhùn. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ó fẹ́ kí ayé pariwo ni."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ń rí iṣẹ́ ẹ̀ kí ìwọ tó mọ̀ ọ́n." Ó já òwú sẹ́nu. "Ó wò mí, àbúrò. Gbogbo yín tí ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí, ìwọ náà, ibi ògiri tó wà lẹ́yìn mi lẹ máa ń wò. Mo ti mọ̀ pé inú rere ni. Àmọ́ ó sú mi, kí n dà bí ògiri."

Mo ní, "Wọ́n máa sọ̀rọ̀."

"Ṣé wọn ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

A lọ. Mo wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀, mo sì fẹ́ kọ ọ́ kí n má bàa gbàgbé.

Títí di ọ̀sán, Kòtijú ò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ọsàn ni òun àti ẹ̀gbọ́n mi ń bó jẹ lójú fèrèsé, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ eyín tó ń dùn wọ́n àti àwọn dókítà eyín tó ń pa irọ́ pé kò ní dùn. Aṣaralóge tí Olóòtú rán wá ti kó páúdà rẹ̀ síta, ó ní òun ní èyí tó lè bo gbogbo nǹkan. Kòtijú ní kó bá òun lọ ra búrẹ́dì. Ó rà á dé, ó tún ní kó lọ ra bọ́tà.

Níkẹyìn ẹ̀gbọ́n mi ló nu ọwọ́, tó ní, "Ṣé fọ́tò la wá yà ni, àbí ọsàn la wá jẹ?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè," ni Kòtijú wí.

Ó mú un jókòó sórí àga onígi kan lásán, ó yí apá òsì rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Apá òsì ni! Mo ti ń rò pé yóò fi ọgbọ́n yí i sí ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Kòtijú gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Orúnkún náà dùn ún, ó kígbe "Yéè!" Ó ní, "Bó o bá ní kí n má yà á, mi ò ní yà á. Bó o bá ní kí n sun fíìmù náà lẹ́yìn tí mo ti yà á tán, màá sun ún lójú ẹ. Ìwọ lo ni ojú ẹ. Kámẹ́rà nìkan lèmi ní."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dìde nílẹ̀, orúnkún ẹ ò dáa." Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, bí ẹ̀gbọ́n tó ń bá àbúrò wí, ni ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Àwọn wẹ́dà nísàlẹ̀ ń lu irin, wọn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè orí wọn.

Kòtijú ò kọrin rárá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo rí fọ́tò náà. Àrán pupa, ìmọ́lẹ̀ tó tú sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà bí omi ṣe ń tú sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ ebè sí, ojú méjèèjì tó dúró ṣinṣin. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Mo wò ó, mo wò ó, mo wá rí i pé láti ọdún mẹ́jọ, mi ò tíì wo ẹ̀gbọ́n mi.

Òun wò ó, ó ní, "Aṣọ yìí gbé mi o." Ó padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń súfèé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Olóòtú pè wá sí ọ́fíìsì. Ó tẹ́ àwọn fọ́tò náà sórí tábìlì ní ìlà, ó yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá fi ìka ti ti ẹ̀gbọ́n mi sápá kan.

"Ẹ̀yin mà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ mi yé. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni. Àmọ́ àwọn oníṣòwò ìpara ló ń gbé wa dúró. Ṣé kí n gbé ìpara ojú dídán sí ojú ewé kejì, kí n wá gbé èyí síwájú ìwé?"

Kòtijú ní, "Gbé e síbẹ̀. Àwọn ènìyàn á rí ojú gidi kí wọ́n tó rí ìpara."

"Ẹ̀gbọ́n, a ò lè lò ó."

"A jẹ́ pé o ò lè lo ìkankan nínú wọn nìyẹn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó fọ́tò rẹ̀ jọ.

Olóòtú wá kọjú sí mi. Èmi ni mo ni aṣọ. Bí mo bá gbà, yóò wá ẹlòmíràn tí yóò tún wọn yà pẹ̀lú àwọn ọmọge tiwọn, iwájú ìwé náà ṣì jẹ́ tèmi. Ó ní kí n rò ó di Ọjọ́rú. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ì bá rọrùn ká ní èèyàn burúkú ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Mo ti rò pé Kòtijú yóò wá bẹ̀ mí, tàbí kó wá halẹ̀. Ó wá, kò ṣe méjèèjì. Ó ní, "Bó o bá fẹ́ gbà, gbà. Mi ò ní bínú, mi ò sì ní dá ọ lẹ́bi lẹ́yìn. Èmi ti gbajúmọ̀ débi tí èébú fi ń yó mi. Ìwọ ń wá oúnjẹ."

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Má fi mí ṣe àwáwí o. Orí ara ẹ ni kó o fi pinnu."

Mo wọ bàtà, mo lọ sí ọ́fíìsì Olóòtú. Mo ti to ọ̀rọ̀ rere sẹ́nu lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, ohun tó jáde ni, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣẹ́tí gbogbo aṣọ yẹn. Ibi tí wọn ò bá ti fẹ́ rí i, aṣọ náà ò lọ síbẹ̀." Ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

Inú mi dùn títí mo fi dé ìbùdókọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Òjò. Òrùlé ń jò sórí ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá. Mo gbọ́ pé wọ́n ti fún aránṣọ òpópónà kejì ní iwájú ìwé náà. Orí mi ń sọ pé òmùgọ̀ ni mí. Mi ò bá a jiyàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Kòtijú gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, kò sì sọ fún ẹlòmíràn. Ó tẹ àwọn fọ́tò náà tóbi bí ilẹ̀kùn, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ìta sítúdíò, ibi tó dojú kọ ìbùdókọ̀. Obìnrin kọnkéré ní ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n mi láàárín.

Èrò pé bí ìgbà tí ilé ń jó. Awakọ̀ kan ní, "Ẹ wo ẹni tí iná jó, ó tún ń ṣoge!" Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n dá a lóhùn: "Kí lo fẹ́ kó máa ṣe? Kó máa ṣọ̀fọ̀ ara ẹ̀?" Ni ìjà ẹnu bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí ọlọ́pàá wá já a, àwọn kan ní aṣọ náà ńkọ́, níbo ni wọ́n ti ń rán an? Kòtijú gbé àga sí òdìkejì títì, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń gbọ́ èébú bí ẹni ń gbọ́ rédíò.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n ti da ọ́ìlì mọ́tò dúdú sára fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi. Òun nìkan ni wọ́n dà á sí.

Mo bá Kòtijú lórí àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí, aránṣọ. Èébú tèmi, mo lè jẹ ẹ́. Ti ẹlòmíràn ni mi ò mọ bí mo ṣe máa jẹ." Mo ní ká já a kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbọ́.

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. "Mo ti gbọ́."

Ó ti wọ ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, oòrùn wà lórí rẹ̀. Ó dúró síwájú ògiri, ó wo ọ́ìlì náà. Àwọn èrò ìbùdókọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbùnwọ́ gún ara wọn: òun nìyẹn, òun náà gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí wa.

"Ṣé ẹ ní òmíràn?"

Kòtijú ní ẹ̀dà kan ṣì wà.

"Ẹ gbé e wá. Ẹ gbé gọ́ọ̀mù náà wá."

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ gọ́ọ̀mù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó òkè. Obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n lánàá ló kọ́kọ́ sọdá títì, ó di etí bébà mú. Wẹ́dà kan gbé àkàbà wá. Ẹ̀gbọ́n mi gùn ún, ó tẹ́ ojú ara rẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí kò fi sí ibi tó wú níbẹ̀.

Kòtijú ò ya fọ́tò rẹ̀. Kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀, ó kàn dúró, ó ń wò. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Èyí kì í ṣe tèmi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án. Aṣọ àrán pupa, ènìyàn mọ́kànlá ti béèrè rẹ̀. Obìnrin kọnkéré kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá wo ara rẹ̀, ó dúró ṣe bí onílé fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Olóòtú pè. Ó ní àwọn fẹ́ kọ nípa ògiri náà. Kòtijú ní kí n sọ fún un pé títì kò ní ilẹ̀kùn, kó wá dúró wò ó bí àwọn yòókù. Ó sì wá lóòótọ́, ó dúró pẹ́, ó bọ́ fìlà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Kòtijú ti lọ. Ó ní àwọn ọlọ́dẹ ló kàn: ó fẹ́ wọ aṣọ ìyàwó fún àwọn bàbá tó ń ṣọ́ ilé ìfowópamọ́. Mo ní wọ́n máa lù ú. Ó ní àwọn mẹ́ta ti gbà, ọ̀kan tiẹ̀ ti ń béèrè bóyá ìbòjú náà máa gùn. Ta ló dà bí obìnrin yìí? Ó gba aṣọ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Mi ò béèrè bóyá wọ́n máa padà wá láìdọ̀tí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ

Oòrùn dé, ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lókè òkun ti bímọ, ó ti ń bẹ̀ ẹ́ kó wá. Nítorí fọ́tò tí wọ́n ń béèrè fún ìwé náà ló ṣe ń sọ pé òun ò ráyè. Lónìí ó ní ká lọ.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin onífọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ la lọ. Ó ní kó jókòó, ó yà á kíá, ó yí kọ̀m̀pútà sí wa. Ọmọlúàbí ni, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

"Ẹ má dààmú, mà. Mo lè bá yín pa àpá yẹn rẹ́, kò ní hàn rárá. Mi ò ní gbowó ẹ̀."

Mo ti la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ tẹ̀ mí nítan. Ó sún mọ́ kọ̀m̀pútà, ó wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ó gbé orí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì.

"Fi àpá mi sílẹ̀," ó ní. "Àmọ́ o ò yà mí dáa. Mo rẹwà ju báyìí lọ. Tún un yà."

Ó padà lọ jókòó, ó ń dúró dè é.